Omi Tí Mo Bù Sínú Pijó Bàbá

Èmi ni mo ba ọkọ̀ náà jẹ́. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí kọ́kọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó mọ ohunkóhun mìíràn nípa ìrìnàjò wa, torí pé ẹlòmíràn ni wọ́n dá lẹ́bi, mo wà níbẹ̀, mo sì dákẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹni náà bi mí ní ìbéèrè tó yẹ kí n dáhùn. Ilẹ̀ ni mo wò.

Pijó gígùn ni ọkọ̀ náà, irú èyí tí àwọn awakọ̀ ayé ọjọ́un fi ń kó èrò mẹ́sàn-án. Ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin ló ni ín, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ìlú wa ò ní títì. Láti Oríòkè-Ìwàmímọ́ dé Zion Pepe, omi ni ọ̀nà, orí pákó la sì ń gbà lọ kí ará ilé kejì. Ẹni tó bá ra mọ́tò láàárín wa, ìlú onílùú ni mọ́tò rẹ̀ máa gbé. Igbókòdá, níbi tí ọ̀dà títì ti parí, ni Bàbá fi tiwọn sí, lẹ́yìn ilé ọ̀rẹ́ wọn kan tó ń ta pákó. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á ṣíná fún un, wọ́n á tẹ́tí sí i bí ẹni ń gbọ́ ohùn aláìsàn, wọ́n á wà á dé Òkìtìpupa, wọ́n á wà á padà, wọ́n á wá fi tapólì bò ó.

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ bí wọ́n bá ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi: "Bàbá, ẹ bá wa kí ìyàwó yín tó wà ní Igbókòdá o!"

Bàbá á ní, "Ó ní kí n kí yín. Òun nìkan ni kò tíì bá mi jà rí."

Ṣùgbọ́n kì í ṣe fáàrí ni wọ́n fi ra ọkọ̀ yẹn. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, Màmá, tó bá ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ apẹja lọ sí Gánà nígbà tí ìyá mi ṣì kéré. Etí òkun ni wọ́n tẹ̀dó sí, o gbọ́dọ̀ kọjá Akírà kí o tó débẹ̀, lọ́nà Tákórádì. Ọkọ Màmá kú. Ìbàdí wá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n débi pé wọn ò lè ká orúnkún jókòó fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí omi má bọ́ lójú wọn. Bọ́ọ̀sì ọlọ́jọ́ méjì kò ṣeé ronú kàn. Ìdí nìyẹn tí Bàbá fi ra Pijó gígùn, tí wọ́n sì ń sọ fún Màmá lórí fóònù lọ́dọọdún pé, "Ọjọ́ tí ẹ bá ti ṣetán, èmi ni n óò wá gbé yín. Ẹ ó nà gbọọrọ lẹ́yìn mọ́tò mi títí a ó fi délé."

Lọ́jọ́ kan, ohùn Màmá dé sórí fóònù Bàbá. Ó kúrú. "Àbúrò mi, mo ti ṣetán. Mi ò fẹ́ kú síbi tí kò ti sẹ́ni tó mọ oríkì mi."

Gbogbo ilé ló sọ pé rárá. Wọ́n ní ọkọ̀ náà ti darúgbó, wọ́n ní Bàbá náà ti darúgbó. Ìyá mi sunkún. Bàbá jẹun tán, wọ́n fọwọ́, wọ́n ní, "Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yín. Ta ló mọ ẹ́ńjìnnì tó máa bá mi lọ?"

Èmi ni mo nawọ́ sókè.

Mo kúrò nílé ìwé ní kíláàsì kẹta sẹ́kọ́ńdìrì. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni mo kọ́ láti tún ṣe, létí omi ní Igbókòdá, mo sì mọ̀ ọ́n. Kò sí èyí tó kú tí mi ò lè jí, bí ó bá ṣe ti orí omi. Bàbá bi mí bóyá mo mọ ti mọ́tò. Mo ní, "Bàbá, ẹ́ńjìnnì ò ju ẹ́ńjìnnì lọ. Epo àti iná ni."

Kí n ṣàlàyé ibi tí àṣìṣe mi ti wá, kì í ṣe kí n fi wí àwíjàre. Ẹ́ńjìnnì tí mo mọ̀, inú omi ló ń gbé. Omi tó bá bá lábẹ́ ọkọ̀ ló ń fà mu kí ara rẹ̀ lè tutù, ó sì ń tu ú dànù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Omi òkun ni o, omi ọ̀sà ni o, kò bèèrè. Omi tó dùn, ìyẹn omi òjò tí a gbè láti orí páànù tàbí èyí tí a fi kẹ́ẹ̀gì rà wá láti òkè, ènìyàn ló ni ín. Ìyá mi ti fọ́ mi létí rí torí pé mo fi omi òjò ṣan ẹsẹ̀. Níbi tí a bí mi sí, ẹni tó bá bu omi dídùn fún irin mu, wọ́n á wo ojú rẹ̀ bóyá ara rẹ̀ dá.

A gbéra láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Pupuru, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tiwa, wà nínú àpò, ẹja yíyan wà nínú apẹ̀rẹ̀, Bàbá sì wọ bùbá funfun bí ẹni ń lọ kí àna. Wọn kì í sáré. Ọkọ̀ gbogbo ló ń fọn fèrè kọjá lára wa, wọn ò sì yíjú. Nígbà tí a dé bodè Sẹ̀mẹ̀, ọmọ kọ́sítọ́ọ̀mù kan yí ọkọ̀ náà ká lẹ́ẹ̀mejì, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, mọ́tò yìí ò tíì fẹ̀yìn tì?"

"Ìwọ lo máa kọ́kọ́ fẹ̀yìn tì," Bàbá dá a lóhùn.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tó fi pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá wo ọkọ̀, wọ́n sì jẹ́ kí a kọjá láìpẹ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe la Kútọnu kọjá láàárín àwọn ọlọ́kadà, tí àwọn ènìyàn ń na ọwọ́ sí wa láti ẹ̀gbẹ́ títì. Mo ń rora gbé ọwọ́ mi jáde lójú fèrèsé kí wọ́n lè rí mi. Inú mi dùn. Mo rò pé èmi náà ti di ènìyàn.

A ti wọ Tógò, a sì ti dé ìlú kékeré kan létí òkun, nígbà tí rọ́bà tó ń gbé omi lọ sínú rédíétọ̀ bẹ́. Èéfín omi bò wá lójú. Èmi tí mo sọ pé mo mọ ẹ́ńjìnnì, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo dúró, mo ń wò ó. Mi ò rí irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ rí nínú iṣẹ́ tèmi.

Ọlọ́run bá wa ṣe é, ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan wà nítòsí. Ọ̀gá ibẹ̀ jókòó sábẹ́ igi, ó tóbi, kò gbọ́ èdè wa. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan ń bá a ṣiṣẹ́, tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, bóyá ó fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Bó ṣe gbọ́ tí èmi àti Bàbá ń sọ̀rọ̀, ó yọ orí láti abẹ́ mọ́tò kan.

"Ẹ káàsán, Bàbá! Ibo ní Nàìjíríà lẹ ti ń bọ̀? Mushin ni mo ti kọ́ṣẹ́ o! Ọdún mẹ́fà ni mo fi jẹ ẹ̀wà Mushin."

Ojú Bàbá là. Wàá rò pé ọmọ wọn ni wọ́n rí. Ọkùnrin náà wá rọ́bà tó bá a mu, ó gé e, ó fi kílíìpù dè é, ó ń kọrin lábẹ́ ẹnu. A fún un ní pupuru àti ẹja, ó jẹ ẹ́ pẹ̀lú epo lọ́wọ́. Ó ní ẹja yìí dára, ṣùgbọ́n pupuru wa le bí táyà. Bàbá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. Lẹ́yìn náà ló fa omi láti inú kànga tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó dà á kún rédíétọ̀, ó sì tún rọ kẹ́ẹ̀gì kan kún fún wa. Èmi ló gbé e lé lọ́wọ́.

"Àbúrò, mọ́tò àgbà máa ń mu omi. Àárọ̀ àárọ̀ ni kó o máa yẹ̀ ẹ́ wò. Omi tí ẹnu ẹ bá lè mu ni kó o fún un. Tí ìwọ ò bá lè mu ún, òun náà ò lè mu ún."

Mo ní mo ti gbọ́. Nínú mi, mo ń rẹ́rìn-ín. Mo rò ó pé ará òkè ni, wọ́n ní kànga, wọn ò mọ iyì omi.

Nígbà tí a dé bodè Gánà ní Lómè, wọ́n ní ìwé ọkọ̀ wa kò pé, kí a dúró. Ọjọ́ mẹ́ta la fi dúró, nínú ọgbà ará wa kan tó ń gbé sójú ọ̀nà òkun. Bàbá ń wa ọkọ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì yìí, lọ sí ọ̀hún, nínú oòrùn. Tí n bá sì ṣí rédíétọ̀ láàárọ̀, omi rẹ̀ á ti lọ sílẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì omi kànga wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo wò ó. Mo rántí pé Bàbá máa fi ṣe àlùwàlá, pé a máa mu nínú rẹ̀ lọ́nà, pé ta ló mọ ibi tí a tún ti máa rí òmíràn. Mo mú kẹ́ẹ̀gì òfìfo, mo sọdá títì, mo rìn láàárín igi àgbọn, mo bu omi òkun.

Àárọ̀ mẹ́ta ni mo ṣe bẹ́ẹ̀. Àárọ̀ kejì, Bàbá rí i pé omi kànga náà ṣì pọ̀. Wọ́n gbọ́n ọwọ́ wọn tán lẹ́yìn àlùwàlá, wọ́n ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Wọ́n tọ́ ọ dáadáa. O ò fi omi ṣòfò."

Ọjọ́ kẹrin ni ìwé jáde. A tò sórí ìlà ní bodè, ọkọ̀ akẹ́rù níwájú, ọkọ̀ akẹ́rù lẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, oòrùn wà lókè orí. Mo rí abẹ́rẹ́ tó ń wọn ooru ẹ́ńjìnnì tó ń gòkè. Mo ní, "Bàbá, ẹ pa á." Wọ́n ní ó ku mọ́tò méjì péré. Ohun kan wá dún nínú ẹ́ńjìnnì, "pọ̀ọ̀!" Èéfín funfun tú jáde níwájú àti lẹ́yìn, ọkọ̀ náà sì kú síbẹ̀. Bàbá di ọwọ́ ìtọ́kọ̀ mú fún ìgbà pípẹ́.

Wọ́n fa ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì àgbàlagbà kan nínú Lómè, ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Ó tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì tó ń dí ojú ẹ́ńjìnnì ti jóná. Ó kan rédíétọ̀, ó fi irin tín-ín-rín tọ ojú ihò rẹ̀, nǹkan funfun bí ẹfun ń já bọ́. Ó mi orí. Ó ní omi burúkú ni wọ́n dà sínú ọkọ̀ yìí, òun ló dí gbogbo ọ̀nà rẹ̀.

Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí ẹni pé ẹnìkan ṣí ilẹ̀kùn ni, gbogbo rẹ̀ hàn sí mi kedere. Bàbá yíjú sí mi, wọ́n ní, "Ta ló da omi sí i?" Mo la ẹnu. Kí n tó sọ̀rọ̀, wọ́n ti dá ara wọn lóhùn. "Ọmọkùnrin Mushin yẹn! Kànga rẹ̀!"

Mo pa ẹnu mi dé. Ìṣẹ́jú yẹn ni mo ń rántí jù. Kò gùn ju kí ènìyàn mí lẹ́ẹ̀kan lọ.

Bàbá gba takisí, a padà sí ìlú kékeré yẹn. Mo jókòó lẹ́yìn wọn ní gbogbo ọ̀nà, mo ń to ọ̀rọ̀ náà pọ̀ lẹ́nu, mi ò sọ ọ́. Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ náà fi ẹ̀rín pàdé wa. "Bàbá! Ṣé pupuru ló kù tí ẹ gbé padà wá fún mi?"

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. "Omi wo lo dà sínú ọkọ̀ mi?"

"Omi kànga ni, Bàbá. Ojú yín ni mo ṣe fà á."

"Omi kànga rẹ ti pa ọkọ̀ mi! Obìnrin kan ń retí mi, kò lè jókòó, kò lè dìde, ìwọ sì da májèlé sínú ohun tí mo fẹ́ fi gbé e. Pe ọ̀gá rẹ wá!"

Àwọn ènìyàn ti ń pé jọ. Ọ̀gá ńlá náà dìde lábẹ́ igi, ṣùgbọ́n kò gbọ́ Yorùbá, Bàbá ò sì gbọ́ tirẹ̀. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló ń túmọ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: òun ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án fún ọ̀gá rẹ̀. Ó lè dín in kù. Ó lè sọ pé Bàbá kan wá kí wọn ni. Ṣùgbọ́n bí Bàbá bá ti gbé ọwọ́, òun náà á gbé e, bí wọ́n bá nawọ́ sí kànga, á nawọ́ sí i, ojú ọ̀gá rẹ̀ sì ń yí padà díẹ̀díẹ̀.

Ó lọ síbi kànga, ó fa omi, ó gbé páànù rẹ̀ sẹ́nu, ó mu ún títí omi fi ń ṣàn sí àyà rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, omi tí àwọn ọmọ mi ń mu nìyí."

Lẹ́yìn náà ló wò mí. "Àbúrò, ìwọ sọ̀rọ̀. Omi tí mo rọ fún ẹ ńkọ́? Òun lo fún mọ́tò, àbí òun kọ́?"

Mo wo ilẹ̀. Mo rí bàtà rẹ̀ tí wọ́n fi okùn iná dè. Bàbá ló gbẹnu mi sọ: "Má bi ọmọ léèrè. Èmi ni kó o dá lóhùn."

Ọ̀gá náà sọ gbólóhùn kan péré. Ọkùnrin náà ò túmọ̀ ìyẹn. Ó tú bọ́tìnnì aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lójú gbogbo àwọn tó dúró, ó bọ́ ọ, ó ká a dáadáa, ó gbé e lé orí táyà kan, ó sì gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ. Síńgílẹ́ẹ̀tì ló kù lára rẹ̀.

Nínú takisí, Bàbá ní, "Mo rò pé ara mi á fúyẹ́ ni, kò fúyẹ́."

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi tún ọkọ̀ náà ṣe. Wọ́n fọ inú rédíétọ̀, wọ́n jó o mọ́ra, wọ́n pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n fi rọ́bà tuntun sí i. Bàbá fi rọ́bà ti tẹ́lẹ̀, èyí tí ọmọkùnrin Mushin fi sí i, sínú ọ̀rá, wọ́n jù ú sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n ní ẹ̀rí ni. Àwọn ará ilé ń pè láti ilé pé kí a fi ọkọ̀ sílẹ̀, kí a padà. Bàbá ní kí wọ́n má jẹ owó fóònù wọn. Mi ò sùn nínú yàrá mọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ni mo ń sùn. Gbogbo ohun tí mẹkáníìkì àgbà yẹn bá fi ọwọ́ kàn ni mo ń bi í. Mo lérí pé ọkọ̀ yìí máa dé ọ̀dọ̀ Màmá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni n óò máa tì í láti ẹ̀yìn. Nígbà tí a tún gbéra, omi inú ọ̀rá tí ènìyàn ń rà mu ni mo ń bu fún un. Mo ń fi eyín já a ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá ń wò mí.

A dé. Màmá jókòó sórí ibùsùn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti di ẹrù wọn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Nígbà tí wọ́n rí ọkọ̀ náà, wọ́n bojú. Wọ́n wá ṣí ojú, wọ́n wo Bàbá láti òkè délẹ̀.

"Ìwọ nìyí? Mọ́tò gbó jù ọ́ lọ, ó sì tún lẹ́wà jù ọ́ lọ."

Bàbá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyanrìn, pẹ̀lú bùbá funfun wọn.

Lọ́jọ́ kejì, bí mo ti ń to ẹrù Màmá sẹ́yìn ọkọ̀, tí wọ́n fara ti ọ̀pá wọn tí wọ́n ń wò mí, wọ́n rí ọ̀rá yẹn. Wọ́n ní kí n gbé e wá. Wọ́n tẹ rọ́bà náà wò, wọ́n fi èékánná ha funfun inú rẹ̀, wọ́n fi kan ahọ́n. Obìnrin tó fi ogójì ọdún yan ẹja létí òkun, kí lo fẹ́ kọ́ ọ nípa iyọ̀?

Wọ́n ní, "Ta ló bu òkun sínú mọ́tò?"

Mi ò lè purọ́ fún ojú yẹn. Mo ní, "Èmi ni, Màmá." Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan aṣọ iṣẹ́ tó wà lórí táyà.

Wọn ò pariwo. Wọ́n dá rọ́bà náà padà sínú ọ̀rá. "Mi ò ní bá ọ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi ìbàdí mi kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù ọmọ ọlọ́mọ lórí irọ́. Kí a tó débẹ̀, ìwọ fúnra rẹ á fi ẹnu ara rẹ sọ fún àbúrò mi."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe gbéra, Màmá nà gbọọrọ lẹ́yìn, orí ìrọ̀rí, bí Bàbá ti ṣèlérí. Wọ́n ń sọ ìtàn, wọ́n ń bú Bàbá, Bàbá ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Mi ò fẹ́ ba ẹ̀rín yẹn jẹ́. A kọjá Akírà, mi ò sọ ọ́. A kọjá bodè, a sùn ní Lómè, mi ò sọ ọ́. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí mo rí i pé ìlú kékeré náà kò jìnnà mọ́, Màmá fi ọ̀pá wọn gún ẹ̀yìn àga mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré.

Mo ní, "Bàbá, kì í ṣe omi kànga ló ba mọ́tò jẹ́. Omi òkun ni. Èmi ni mo ń bù ú sí i ní Lómè. Mo ń tọ́jú omi dídùn fún yín."

Bàbá rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n pa ọkọ̀. Mo retí ìgbájú. Mo tilẹ̀ ti gbé ojú mi sílẹ̀ fún un. Wọ́n di ọwọ́ ìtọ́kọ̀ mú bí wọ́n ṣe ṣe ní bodè.

"O wà níbẹ̀ nígbà tó mu omi yẹn."

"Mo wà níbẹ̀, Bàbá."

"Èmi náà wà níbẹ̀. Ojú mi ló ṣe mu ún, mi ò sì gbà á gbọ́." Wọ́n ṣíná. "A ń lọ síbẹ̀."

Ọ̀gá ńlá náà ṣì wà lábẹ́ igi. Kò sẹ́ni tó lè túmọ̀ fún wa, torí pé ẹni tó ń túmọ̀ ni a wá wá. Wọ́n pe obìnrin kan tó ń ta aṣọ, tó gbọ́ Yorùbá díẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ọ́, ó túmọ̀ rẹ̀. Bàbá ṣí fìlà, wọ́n sọ tiwọn, wọ́n ní àwọn fi ìbínú ṣe ìdájọ́. Màmá sọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé ọkọ̀, wọ́n ní kí wọ́n jọ̀wọ́ pe ọmọ náà.

Ọ̀gá náà dáhùn. Obìnrin aláṣọ náà wá sọ fún wa pé, "Ó ní ọkùnrin náà ti lọ láti ọjọ́ yẹn gan-an. Kò wá gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kó àwọn ọmọ lọ bá a. Ó ní òun ò mọ ibẹ̀." Ó tún tẹ́tí sí ọ̀gá náà. "Ó ní ọ̀rọ̀ tí ẹ gbé wá dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun lẹ jẹ ní gbèsè rẹ̀."

Nọ́mbà fóònù ọkùnrin náà tó wà lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ kò lọ. Kò tíì lọ títí di àárọ̀ yìí tí mo tún pè é.

Màmá ti wà nílé, lọ́dọ̀ ìyá mi. Òwúrọ̀ ni wọ́n máa ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á na ẹsẹ̀ wọn sórí pákó, àwọn tó ń tukọ̀ kọjá á sì máa fi oríkì kí wọn. Bàbá ti dárí jì mí, wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo ilé. Ṣùgbọ́n wọn kì í sọ ìtàn ìrìnàjò náà fún àlejò. Bí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n, wọ́n á ní, "Ẹ bi í," wọ́n á nawọ́ sí mi, màá sì sọ ọ́ bó ṣe rí.

Mo ti padà lọ sí ìlú kékeré yẹn ní Tógò lẹ́ẹ̀kan, èmi nìkan, nínú bọ́ọ̀sì. Ẹnìkan ní ọkùnrin náà wà ní Kpalimé, nínú Tógò lọ́hùn-ún. Òmíràn ní ó ti padà sí Mushin. Torí náà, ìgbàkúgbà tí mo bá lọ ra ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì ní Èkó, mo máa ń fi ọjọ́ kan kún un. Mo ń wọ ọgbà mẹkáníìkì kan bọ́ sí òmíràn, mo ń bèèrè ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ará Tógò, tó ń kọrin lábẹ́ mọ́tò. Wọ́n máa ń bi mí bóyá ó jẹ mí ní gbèsè. Mo máa ń ní rárá, èmi ni mo jẹ ẹ́. Wọ́n á ní, "Eélòó?"

Ọ̀rọ̀ ni. Ó bi mí ní ìbéèrè lójú ọ̀gá rẹ̀ àti lójú àwọn ará àdúgbò rẹ̀, mo sì wo ilẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ti gbọ́ ìdáhùn mi, Bàbá ti gbọ́ ọ, Màmá ti gbọ́ ọ, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí náà ti gbọ́. Òun nìkan ni kò tíì gbọ́.